Yínúsà Gírámà àti Ẹsẹ̀ Fidelis

Bí àlejò bá wọ Ajégúnlẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1972, tó ní Yínúsà Àjàmú lòun ń wá, wọ́n á bi í pé, "Yínúsà wo nínú Yínúsà?" Ṣùgbọ́n tó bá lè ní Yínúsà Gírámà, kíá ni ọmọdé tó ń pọnmi lójú títì á sọ garawa kalẹ̀, á sì mú un dé ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin yìí kì í ṣe tíṣà, kì í sì í ṣe akọ̀wé. Alábàárù ni ní wáàfù Àpápá. Ẹrù ti tẹ èjìká rẹ̀ ọ̀tún wálẹ̀ ju ti òsì lọ, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì le bí èèpo igi. Ìwé méjì péré ló kà ní Ìkirè tí iṣẹ́ oko fi fà á jáde ní kíláàsì. Síbẹ̀, tó bá la ẹnu, tó bá ju ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan sílẹ̀, àwọn tó wọ táì pàápàá á yí ọrùn wò ó.

Ara àpótí ẹrù ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ dé wáàfù, lọ́dún tó tẹ̀lé òmìnira, òun àti ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Fidelis ni wọ́n jọ máa ń gbé àpótí, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ọmọ Ìgbò ni Fidelis, ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ó gbọ́ Yorùbá débi pé ó lè fi bú ènìyàn kí onítọ̀hún sì tún máa rẹ́rìn-ín. Òun ka ìwé mẹ́fà tán ní tirẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Yínúsà fẹ́ ju àpótí kan sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ju àwọn yòókù, ni Fidelis bá kígbe.

"Rọra! Ṣé o ò rí ohun tí wọ́n kọ sí i lára ni? Fragile!"

"Kí ni fragile?"

"Ohun tó tètè ń fọ́. Wọ́n ní ká gbé e jẹ́jẹ́."

Yínúsà yí ọ̀rọ̀ náà kiri ẹnu bí ẹni ń mu àgbálùmọ̀. Ó gbé e délé. Àdùfẹ́ ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún ẹ̀ẹ̀kejì nígbà náà, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé garawa omi, ni Yínúsà bá fò dìde lórí àga.

"Sọ ọ́ kalẹ̀! Fragile ni ẹ́!"

Àdùfẹ́ fi ọwọ́ lé ìbàdí. "Bàbá Fọláyọ̀, èmi lẹ ń bú bẹ́ẹ̀? Omi tí ẹ máa fi wẹ̀ ni mo lọ pọn o."

Láti ọjọ́ náà ni kò ti sí àpótí tó kọjá tí Yínúsà kò ní bi Fidelis pé kí ni wọ́n kọ sí i. Kò sì sí ọ̀rọ̀ tí kò ní rí ènìyàn tó yẹ. Baba onílé wọn tí inú ń bí kí ènìyàn tó kí i tán, inflammable ni. Fọláyọ̀ ọmọ rẹ̀ tí kì í yé fi orí dúró nílẹ̀, ó ní ó yẹ kí wọ́n kọ This Side Up sí i láyà. Ó ń kó ọ̀rọ̀ jọ bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń kó ẹyẹlé jọ, kì í ṣe láti tà, kó ṣáà máa rí i pé wọ́n wà nílé ni.

Ìgbà tí ogun dé, Fidelis mú Eucharia ìyàwó rẹ̀, wọ́n lọ sí ilẹ̀ wọn. Yínúsà ti lè fi ẹnu ara rẹ̀ ka lẹ́tà ara àpótí nígbà náà, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ìtumọ̀ fún un? Ọ̀rọ̀ ń kọjá lára àpótí, ó ń wò wọ́n bí ẹni ń wo ojú àlejò tí kò mọ orúkọ rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó sin Àdùfẹ́ lọ sí Marine Beach, níbi tí ó ti máa ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ láti wá yan. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ebiere, ẹ̀pà ló ń tà. Ó ń ya ìwé ńlá kan ní ewé kọ̀ọ̀kan, ó ń fi pọ́n ẹ̀pà. Yínúsà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ìwé náà. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, wọ́n tò wálẹ̀ gbọọrọ, ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ya á mọ́!"

"Kí ni mo fẹ́ fi pọ́n ẹ̀pà? Ọwọ́?"

Yínúsà sáré dé wáàfù, ó kó bébà àpò sìmẹ́ńtì tí wọ́n ti gbọn nù wá fún un, wọ́n sì ṣe pàṣípààrọ̀. Ṣùgbọ́n Ebiere ti ya ìwé náà dé ìdí lẹ́tà L. Bí ó ṣe jẹ́ pé láti M ni Gẹ̀ẹ́sì ńlá Yínúsà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ohun tó ṣáájú M ti bá ẹ̀pà lọ sí ẹnu àwọn ará Marine Beach.

Ọ̀rọ̀ kan ló máa ń mú láràárọ̀, á máa kà á sínú títí á fi dé Creek Road, lójú ọ̀nà wáàfù. Tó bá di ọ̀sán, tí àwọn alábàárù bá jókòó sí abẹ́ òrùlé páànù láti jẹun, á gun orí àpótí kan, á sì jù ú sílẹ̀.

"Multitudinous!"

Ìkọ́ irin kan wà tí alábàárù kọ̀ọ̀kan máa ń fi fa ẹrù. Ìkọ́ yìí ni wọ́n á gbé sókè, wọ́n á fi lu pákó, gbàgà! "Gírámà!" Kò sẹ́ni tó ń béèrè ìtumọ̀. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kó gùn, kó sì dún. Bó bá ṣe gùn tó ni ìkọ́ ṣe ń dún tó. Baba Mọ́rúfù, tó dàgbà jù nínú wọn, tí ariwo kíréènì ti di í létí pátápátá, kì í gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá rí i pé ìkọ́ àwọn yòókù gòkè, òun náà á gbé tirẹ̀.

Ènìyàn kò gbọdọ̀ bá Yínúsà wí jù. Láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, "Ìwọ yẹn!" ni wọ́n ń pè é. "Ìwọ yẹn, gbé e! Ìwọ yẹn, kúrò lọ́nà!" Àkókò kan ṣoṣo tí àwọn ènìyàn ń gbójú sókè wò ó ni ìgbà tó bá wà lórí àpótí yẹn. Nígbà tí ìkọ́ bá dún, ó dà bíi pé èjìká rẹ̀ méjèèjì dọ́gba.

Ogun parí, Fidelis padà wá. Ó ti rù débi pé ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n mọ́. Yínúsà fúnra rẹ̀ ló fà á lọ́wọ́ lọ bá Onoriode, ará Urhobo tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ wọn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó gba ọ̀rẹ́ òun padà, wọ́n sì gbà á. Ní ọ̀sán ọjọ́ àkọ́kọ́, Fidelis gbọ́ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fọn Gẹ̀ẹ́sì lórí àpótí. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Yínúsà! Èmi tí mo fi fragile sílẹ̀ fún ọ! Ó dùn gan-an o. Ta lo wá ń sọ ọ́ fún?"

"Gbogbo yín ni."

"Èmi ò gbọ́ ọ o."

"Kò tíì dé etí rẹ ni. Tìrẹ ń bọ̀ lọ́la."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà kọjá bẹ́ẹ̀.

Ìgbà òjò ọdún 1972 ni àjálù dé. Kíréènì ń gbé ẹrù kan sókè, àyè Fidelis sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, níbi okùn. Ìkọ́ Baba Mọ́rúfù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ ẹrù láti mú un. Ojú gbogbo wọn ni okùn náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí já. Wọ́n kígbe títí, baba kò gbọ́. Fidelis fi àyè rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré, ó fa baba náà ní apá sọ sí ìta. Àpótí sì já lé òun lẹ́sẹ̀.

Nígbà tó kúrò ní ilé ìwòsàn, igi ló fi ń rìn. Ilé-iṣẹ́ tó gbà wọ́n síṣẹ́ ní Creek Road fi ìwé ránṣẹ́ sí i: ó fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ nígbà iṣẹ́, nítorí náà, òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ohun tó bá a, kí ó má padà wá mọ́. Tí ó bá ní àwíjàre, ẹnì kan lè wá sọ ọ́ fún Místà Ambrose, ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́, ní ọjọ́ Ajé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n máa gbọ́.

Ẹgbẹ́ alábàárù pé jọ. Eucharia ti bímọ tuntun, ilé Fidelis kò ní ọwọ́ mìíràn tó ń ṣiṣẹ́. Fidelis ní òun á lọ sọ ọ́ fúnra òun, Onoriode sì mi orí.

"Láéláé. Man no dey beg for im own head. Ẹnu ẹlòmíràn ló ń gbé ẹ̀bẹ̀."

Ojú gbogbo wọn yí sí ibì kan náà. Ta tún ni, bí kò ṣe Gírámà? Wọ́n lu ìkọ́. Fidelis di ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú.

"Ṣáà sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn."

"Fọkàn balẹ̀," ni Yínúsà wí. "Gẹ̀ẹ́sì tí mo máa sọ níbẹ̀, wọn ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí."

Látìgbà náà títí di ọjọ́ Ajé, àgbàlá ilé wọn gbóná. Yínúsà ń rìn síwá sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja tí Àdùfẹ́ ń yan, ó ń ju ọwọ́, ó ń to ọ̀rọ̀ láti M títí lọ. Ọkàn rẹ̀ mọ́. Ó gbà pé ẹ̀bùn tó tóbi jù tí òun ní lòun fẹ́ gbé lọ fún Fidelis, ó sì fẹ́ gbé gbogbo rẹ̀ lọ, kó má ku ẹyọ kan sílé. Àdùfẹ́ yí ẹja padà, ó nu ojú tí èéfín ń ta.

"Ó ń dún bíi rélùwéè tó ń kọjá. Ṣé ẹ ti sọ fún wọn níbẹ̀ pé ṣe ni Fidelis lọ fa Baba Mọ́rúfù?"

"Àdùfẹ́, Gẹ̀ẹ́sì lèyí."

"Mo mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ni. Àwọn àgbà ló ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n."

"Agbọ̀n tìrẹ nìyẹn," ni Yínúsà fi dá a lóhùn, ó sì tẹ̀ síwájú.

Ọjọ́ Ajé pé. Ọ́fíìsì Místà Ambrose ní fèrèsé ńlá kan tó kọjú sí àgbàlá. Ibẹ̀ ni àwọn alábàárù dúró sí, ìkọ́ wà lọ́wọ́ wọn. Fidelis jókòó sórí àpótí lẹ́nu géètì, nítorí kò lè dúró pẹ́. Místà Ambrose, ènìyàn kékeré kan tó fi awò sójú, ṣí fáìlì, ó ní kí ó máa sọ.

Yínúsà fa ọ̀fun. "Sir! Notwithstanding the multitudinous predicaments and vicissitudes..."

Gbàgà! "Gírámà!"

Ara rẹ̀ gbóná. Ó ti ní òun á bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ lẹ́yìn gbólóhùn àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ìkọ́ ti dún, ọ̀rọ̀ mìíràn sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó pe Místà Ambrose ní magnanimous. Ó pè é ní perspicacious. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fẹ̀yìn ti àga. Àwọn akọ̀wé kóra wá sẹ́nu ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ kan ń ti èkejì jáde bí ìgbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn agbo ewúrẹ́, ìkọ́ ń dún, òógùn ń bọ́, títí Yínúsà fi dé zenith. Lẹ́yìn zenith, ìwé ti tán.

Místà Ambrose pàtẹ́wọ́. Ó ní láti ìgbà tí òun ti kúrò ní ilé-ìwé, òun kò gbọ́ irú Gẹ̀ẹ́sì báyìí mọ́. Ó dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń retí nǹkan. "Ṣé ó parí nìyẹn?"

Ìkọ́ ń dún ní ìta. "Ó parí, sà," ni Yínúsà wí.

"Ó dáa. Kò sí ohun tuntun nínú rẹ̀. Bí a ṣe kọ ìwé náà ló wà." Ó pa fáìlì dé.

Àwọn tó wà ní ìta kò gbọ́ gbólóhùn yìí. Kí Yínúsà tó jáde tán, wọ́n ti gbé e lé èjìká, ó di ẹnu géètì.

"Ó pa á! Ó lu Gẹ̀ẹ́sì bolẹ̀! Fidelis, ọ̀gá pàtẹ́wọ́!"

Ojú Fidelis tàn. "Ẹ ṣeun o. Nígbà tó wá dé ibi tí mo ti fa Baba Mọ́rúfù, kí ni ọ̀gá wí?"

Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n sọ Yínúsà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Yínúsà. Ṣé o dárúkọ mi?"

Yínúsà la ẹnu. Láti M dé Z, kò sí ọ̀kan tó jáde. Fidelis na ọwọ́ mú igi rẹ̀.

"Kò burú," ló wí. Ó kọjú sí ọ̀nà Ajégúnlẹ̀, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ. Kàkà kí Yínúsà gbọ́ "kò burú" yẹn, ì bá sàn kí Fidelis gbá a létí.

Kò lè jẹun nígbà tó délé. Ó jókòó ti ibi ẹja, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Àdùfẹ́, kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó rò pé yóò rán òun létí ọ̀rọ̀ agbọ̀n. Àdùfẹ́ kò rán an létí.

"Ẹ padà lọ," ló wí.

"Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n máa gbọ́."

"Wọn ò tíì gbọ́ ẹ̀ẹ̀kan náà. Ẹ lọ bá a, ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ má sì mú àwọn onígbe yín dání."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Yínúsà fi ìkọ́ rẹ̀ kọ́ ara ògiri, ó lọ lọ́wọ́ òfo. Ó ń rìn ní Creek Road bí ẹni tó gbàgbé ṣòkòtò sílé. Nígbà tí Místà Ambrose dé, ó bá a lórí ìdúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Àà! Ọ̀gá elédè! Ṣé èyí tó ṣẹ́kù lo gbé wá?"

"Rárá, sà."

Ó tẹ̀lé e wọlé. Predicament gun orí ahọ́n rẹ̀ wá, ó gbé e mì. Vicissitude wá, ó gbé ìyẹn náà mì. Ó wá fi pijin wáàfù tí gbogbo ayé gbọ́ sọ̀rọ̀.

"Sà, Fidelis ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni. Baba Mọ́rúfù ò gbọ́ràn. Baba wà lábẹ́ ẹrù, okùn ń já, a kígbe, kò gbọ́. Fidelis lọ fà á. Ohun tó mú un kúrò ní àyè rẹ̀ nìyẹn, sà."

Yínúsà wo ojú fèrèsé. Àwọn àpótí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já wà ní àgbàlá.

"Sà, ẹ wo àpótí yẹn. Wọ́n kọ fragile sí i. Bí mo bá fọ́ ọ, ẹ máa pè mí, ẹ máa bi mí pé báwo ló ṣe jẹ́. Wọn ò kọ nǹkan kan sí Fidelis lára, sà. Ẹnikẹ́ni ò bi í."

Ọkùnrin kékeré náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbé e sórí fáìlì. "Kí ló dé tí o ò sọ èyí lánàá?"

"Lánàá, sà," ni Yínúsà wí, ojú ń tì í, "Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń sọ."

Wọ́n ránṣẹ́ pe Baba Mọ́rúfù. Místà Ambrose bi í pé, ní ọjọ́ tí okùn já, ibo ló wà. Baba ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Ó tún bi í. Baba ní ara òun le, a dúpẹ́. Akọ̀wé kan bú sẹ́rìn-ín. Místà Ambrose kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó lọ dúró sí ẹ̀yìn baba arúgbó náà, ó pariwo pé kí ó kúrò níbẹ̀, nǹkan ń já bọ̀! Baba Mọ́rúfù kò yíjú. Ó dúró jẹ́jẹ́, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń wo àga òfìfo.

Wọ́n tún ìwé náà kọ. Fidelis kò lè gbé ẹrù mọ́ láyé, ẹsẹ̀ yẹn kò gbà. Ṣùgbọ́n wọ́n fi í sí ilé tí wọ́n ń kó okùn àti tapólì sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi ọwọ́ yẹ gbogbo okùn wò kí wọ́n tó gbé e jáde. Ìṣẹ̀lẹ̀ ọjọ́ Ajé kò tètè kúrò láàárín àwọn méjèèjì. Fún ìgbà díẹ̀, "ẹ kú iṣẹ́" nìkan ni wọ́n ń bá ara wọn sọ, bí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé, Yínúsà kò sì gun àpótí kankan.

Nígbà tó pẹ́, Fidelis fúnra rẹ̀ ló pè é lọ́sàn-án ọjọ́ kan láti ẹnu ọ̀nà ilé okùn.

"Yínúsà! Ṣé wọ́n ti fi ìyókù ìwé yẹn pọ́n ẹ̀pà ni? Èwo ni tòní?"

Àwọn alábàárù ti gbé ìkọ́ sókè. Yínúsà gun àpótí. Ó wà lórí S láti ọjọ́ mélòó kan, nítorí kò fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀, ó kàn ń kà á nínú ni.

"Stalwart," ló wí.

"Ta lo ń sọ ọ́ fún?"

"Ìwọ ni," ni Yínúsà dáhùn. "Ẹni tí kì í yẹsẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ nìyẹn."

Àwọn yòókù ń retí kó tò ó lọ, kí èyí tó gùn dé. Kò tò ó. Ó ti ń sọ̀kalẹ̀. Ìkọ́ wà lókè, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá kí wọ́n lù ú tàbí kí wọ́n má lù ú. Fidelis wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí hàn ní igun ẹnu rẹ̀. Baba Mọ́rúfù kò gbọ́ èyíkéyìí nínú rẹ̀. Ó ṣáà rí ojú Fidelis, ó sì fi ìkọ́ rẹ̀ lu pákó, gbàgà, òun nìkan, kí àwọn tó kù tó tẹ̀ lé e.